Òṣùká Orí Ìṣó: Sí Ọmọ Mi Tó Di Wolé-wolé

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìwé yìí. Kò sẹ́ni tó kú o. Bàbá rẹ ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, ó ń bó ẹ̀pà, ara rẹ̀ le. Ìwé náà kàn gùn ni. Àní bàbá rẹ wo ìdì bébà tó wà níwájú mi, ó mi orí, ó ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, lẹ́tà lò ń kọ ni àbí ìdánwò?" Mo ní méjèèjì ni, kó máa bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí o pè wá pé wọ́n ti fún ọ níṣẹ́ wolé-wolé, pé apá Badagry lẹ́bàá ibodè ni wọ́n gbé ọ lọ, mo pariwo títí ará ilé kejì fi yọjú. Inú mi dùn, Ọlọ́run mọ̀. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ọ̀rọ̀ kejì.

"Màmá, ẹ ò ní í gbà gbọ́ ohun tí mo sọ níwájú wọn. Wọ́n ní ta ni mo fi ṣe àwòkọ́ṣe. Mo ní ìyá mi ni."

"Èmi báwo?"

"Mo ní nígbà Kòrónà, ẹ̀yin lẹ dúró ní géètì ilé ìkẹ́rùsí ní Warehouse Road, ní Apapa. Mo ní kò sí alágbára tó lè kọjá lọ́dọ̀ yín bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ọ̀gá kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, Màmá! Bí mo ṣe máa ṣiṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Etí àwọn èèyàn wa ti di jù. Ẹni tí mo bá mú, kó lọ fẹjọ́ rẹ̀ sun Ọlọ́run."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní Ọlọ́run á fún ọ ṣe. Mo pa fóònù, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Nítorí pé ohun tí o sọ fún wọn kì í ṣe òótọ́. O kò purọ́, ọmọ mi. Èmi ni mi ò sọ ọ́ fún ọ láti ọjọ́ yìí wá. Bí mo bá sì jẹ́ kí o gbé irọ́ mi yẹn wọ ẹnu iṣẹ́, ẹlòmíì ni yóò san án.

Mo fẹ́ kọ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ, oókan, eéjì, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa níléèwé. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí. Ọmọ ọdún kìíní ni mí ní yunifásítì, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń pọn ọmọ-ọmọ. Láti ilé ni mo ti ń kà á, síbẹ̀ àyà mi máa ń já bíi pé wọ́n ní kí n dìde níwájú kíláàsì. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa, "Mọ́mì" ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá fẹ́ béèrè nǹkan, mo máa ń tẹ̀ ẹ́, mo máa ń pa á rẹ́, mo máa ń tún un tẹ̀, títí ẹlòmíì á fi béèrè rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá rí i pé mo ń rìn gbéregbère, fara dà á.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa fún wa ló jẹ́ kí n lè kọ èyí. Ó ní ká fi bí àwọn ìjọba tó múlé ti ara wọn ṣe ṣe nígbà Kòrónà wéra, kí a sọ èyí tó dáa jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù yọ gbogbo ẹbí lẹ́nu. Mo pe àǹtí rẹ Sìdí, àbúrò mi tó ń gbé Kútọnu.

"Àǹtí mi, àwa ò ti gbogbo ilé pa o," ni Sìdí wí. "Okùn ni wọ́n fi yí àwọn ìlú ńlá ká. Ẹ ò gbọdọ̀ kọjá síta láìnídìí, ṣùgbọ́n nínú ibẹ̀, oníṣẹ́ ń ṣiṣẹ́."

"Okùn gidi, Sìdí?"

"Okùn báwo? Ọlọ́pàá ni! Kí wọ́n má sì rí yín láìbo imú. Wọ́n á kọ́kọ́ kí yín, 'Bonjour, Mama,' kí wọ́n tó mú yín."

Sìdí ní ohun tó wọ òun lára jù ni pé ìjọba tibẹ̀ sọ ọ́ síta gbangba pé àwọn kò lówó tí àwọn yóò fi bọ́ gbogbo ìlú nínú ilé, nítorí náà àwọn kò ní í pàṣẹ ohun tí àwọn kò lè gbé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ìlà méjì sí i nídìí. Ìjọba tó lè sọ pé "agbára wa kò gbé e" wù mí, Àbẹ̀kẹ́. Èmi tí mi ò lè sọ fún ọmọ ọdún méjìdínlógún nínú kíláàsì wa pé ọ̀rọ̀ kan kò yé mi.

Bàbá rẹ kékeré tó wà ní Gánà ní tiwọn yàtọ̀. Àkrà àti Kùmásì ni wọ́n tì, wọn kò ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má sanwó omi ẹ̀rọ fún oṣù bíi mélòó kan. "Ìyàwó wa," ló wí, "ẹ wo ọgbọ́n náà. Ẹni tó ní kí o fọwọ́ ti kọ́kọ́ fún ọ lómi." Nígbà tí wọ́n sì máa ṣí ìlú, àwọn kan ní ó yá jù, àwọn kan ní ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n ìjọba jáde, ó sọ ìdí tí òun fi ṣí i. Ní Tógò, láàárín àwọn méjèèjì, mo kà pé orí fóònù ni wọ́n ti fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn bíi tiwa, tí kò sí orúkọ wọn nínú ìwé owó-oṣù kankan.

Tiwa ńkọ́? Mo ti máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé tiwa kò dáa. Èmi kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo mọ̀. Mo rí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń ti ilé dé ilé ní Àjegúnlẹ̀ nínú oòrùn, tí wọ́n ń bi wá pé ta lẹ fọwọ́ kàn, ta lẹ bá jẹun. Ọ̀nà tí Èkó gbà lé Ẹ̀bólà lọ nìyẹn, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀. Mo rí ìyá alátẹ kan tó ń bú wọn, tí ọmọbìnrin kan nínú wọn kúnlẹ̀ tó ń bẹ̀ ẹ́. Lóòótọ́, oúnjẹ tí wọ́n ní wọ́n ń pín kò dé òpópónà wa, ebi sì kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ yẹn, ìwọ ni mo ń rí nínú rẹ̀ báyìí.

Mo kọ gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Olùkọ́ dá a padà. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ìyá, ẹ yin gbogbo wọn. Èwo lẹ yàn?"

Mi ò mọ̀. Bí mo ṣe ń wá ìdáhùn ni mo rí i pé géètì Warehouse Road ni mo ń padà sí ṣáá.

Gbọ́ báyìí.

O mọ̀ pé agbálẹ̀ ni mí nílé ìkẹ́rùsí yẹn kí àrùn tó dé. Nítorí oúnjẹ ni wọ́n ń kó níbẹ̀, wọn kò tì í nígbà kónílé-ó-gbélé. Máígáàdì bẹ̀rù àtisún mọ́ èèyàn, wọ́n bá gbé ìbọn tí wọ́n fi ń wo ara gbígbóná lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mò ń nà án síwájú orí gbogbo alábàárù láàárọ̀. Wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí olè dá lọ́nà. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ rọra yìn ín o, ìyàwó mi ṣì kéré!" Ọmọ Urhobo kan wà níbẹ̀ tó máa ń dijú: "Madam, abeg, no miss!"

Lẹ́yìn tí mo bá yẹ̀ wọ́n wò, Bàbá Ìgànná á pe orúkọ. Bàbá yìí ni olórí àwọn alábàárù. Ó ti ń ru ẹrù ní Apapa kí n tó lóyún rẹ. Bí ó bá pe orúkọ rẹ tí o kò jẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó dúró ní òdì kejì títì á wọlé dí àyè rẹ, àyè sì ti di tirẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá àìsàn ló dá ọ dúró. Bí àṣà wọn ṣe rí nìyẹn láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ẹrù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Làmídì dé gbẹ̀yìn. Bọ̀dá Làmídì rẹ, tó gbé ọ lọ́rùn kọjá àgbàrá lọ́jọ́ ìdánwò àṣewọlé rẹ kí bàtà funfun rẹ má bàa tutù. Ó ti kó lọ sí Ijora Badia nígbà náà. Kò sí ọkọ̀, ojú irin ló máa ń tọ̀ wá. Ó fa fìlà rẹ̀ bo ìpéǹpéjú, òṣùká rẹ̀ aláǹkárá búlúù wà lọ́rùn. Kò ṣẹ̀fẹ̀.

Mo ní, "Làmídì, ṣé kò sí?"

Ó ní, "Kò sí, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Ẹ yìn ín."

Ó ká fìlà náà sókè díẹ̀. Mo na ìbọn. Omi kan ṣàn wá láti abẹ́ fìlà, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Òógùn kọ́ ni, òjò ti rọ̀ láàárọ̀ yẹn, ojú ọjọ́ tutù. Mo rí etí ọ̀rá omi tútù tó dì mọ́ inú fìlà. Nọ́ńbà tó jáde lójú ìbọn jẹ́ ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

Mo wò ó, ó wò mí. Ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Àyè mi."

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Mo wo òdì kejì títì. Àwọn ọkùnrin yẹn dúró, wọ́n ń retí orúkọ ẹni tí yóò já. Mo ní, "Kọjá."

Ní ọ̀sán, Làmídì ṣubú láàárín àpò ṣúgà. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, òṣùká rẹ̀ wà nílẹ̀. Gbogbo wa dúró jìnnà sí i bí ẹni tó rí ejò. Bàbá Ìgànná ló bẹ̀rẹ̀, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e, ó kan ìṣó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì gbé e kọ́ ọ.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o," ló wí. "Ẹni tó bá dí àyè Làmídì lọ́la, ìjókòó àlejò ló jókòó. Làmídì ń bọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pe orúkọ Làmídì, òun náà ló sì jẹ́ ẹ: "Òṣùká rẹ̀ ń bẹ!"

Àbẹ̀kẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkùnrin méjì wá bá mi fúnra wọn kí n tó na ìbọn. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ara mi gbóná o. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá kí wọ́n gbé òṣùká mi kọ́." Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún mi rí láti ìgbà tí mo ti di ìbọn mú! Ọmọ Urhobo wà lára wọn. Ohun tí ìbọn mi kò rí, ìṣó Bàbá Ìgànná rí i.

Òṣùká kẹrin tí wọ́n gbé kọ́ jẹ́ ti Bàbá Ìgànná fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́ta padà wá mú tiwọn. Bàbá kò padà. Tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo ń rí i láràárọ̀ tí mo bá wọlé.

Bóyá ara Làmídì ni Bàbá ti kó ohun tó pa á, mi ò mọ̀. Wọn kò ṣe àyẹ̀wò Kòrónà fún un, ó sì ti dàgbà. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó wà ní géètì. Àánú tí mo ṣe fún ẹnì kan, àpò ẹlòmíì ni mo ti mú un, láìtọrọ. Èyí ni àṣìṣe ìyá rẹ. Mo sì jẹ́ kí o máa fi yangàn.

Ní báyìí, ìmọ̀ràn mi. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe rò pé ẹni tó kùnà kò lè gbani níyànjú. Ẹni tó bá ti já sí kòtò ló mọ ibi tí kòtò wà.

Èkínní, má ṣe kà á sí etí dídi nígbà tí èèyàn bá fi nǹkan pamọ́ fún ọ. Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé: kí ni ẹni yìí yóò pàdánù bó bá sọ òótọ́ fún mi? Làmídì kì í ṣe olórí kunkun. Àyè rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù ju ikú lọ. Bí o bá lè di àyè náà mú fún un, kódà fún ọjọ́ méjì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá bá ọ.

Èkejì kò tako èkínní, bó tilẹ̀ dà bíi pé ó tako ó. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá. Mo tún un sọ: má jẹ́ kí ó kọjá. Ká ní mo dá Làmídì dúró, kí n sì sáré lọ bẹ Bàbá Ìgànná nítorí àyè rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ǹ bá ti gbà là. Ìṣó ò wọ́n. Mi ò ronú kàn án ni. Mo rò pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kí n ṣe òfin tàbí kí n ṣe àánú. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Èmi fi méjèèjì fà á mọ́ra, a jọ ṣubú ni.

Kí o tó ní kí obìnrin kan fọ àwo rẹ̀, wo ibi tí omi wà ládùúgbò rẹ̀. Rántí Gánà. Bí o bá pàṣẹ ohun tí o mọ̀ pé kò ṣeé ṣe, o ti kọ́ ọ ní irọ́ nìyẹn. Àti pé bí o bá ti ṣọ́ọ̀bù kan pa, ìwọ náà ni kí o padà lọ sọ ọjọ́ àti ìdí tí yóò fi ṣí. Má sá fún ọjọ́ ṣíṣí. Àwọn kan mọ títì, wọn kò mọ ṣíṣí.

Níbi ibodè tí o ń lọ, o ó gbọ́ tí àwọn tiwa ń fi ti òdì kejì ṣe yẹ̀yẹ́, tí àwọn tibẹ̀ náà sì ń fi tiwa ṣe é. Má bá wọn dá sí i. Oníkálukú wọn rán aṣọ rẹ̀ mọ́ra ni. Ṣùgbọ́n bí o bá rí ibi tí wọ́n gbé rán tiwọn dáa, yọjú wò ó, kí o kọ́ ọ. Kọ́ Faransé díẹ̀ pàápàá. Sìdí á kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú ni yóò kọ́kọ́ fi kọ́ ọ.

Mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́. Ẹ̀kẹrin? Ẹ̀karùn-ún? Èyí tó kù ni pé, nígbà tí o kò bá mọ nǹkan, sọ pé o kò mọ̀. Ó le, mo mọ̀.

Kí n tó kọ lẹ́tà yìí, mo lọ bá Làmídì ní Ijora Badia lọ́jọ́ Àìkú, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan. Mo ní mo fẹ́ sọ fún Àbẹ̀kẹ́. Rélùwéè kọjá lẹ́yìn ilé.

"Ẹ sọ fún un," ló wí. "Ẹ ní èmi ni mo gbé omi lérí. Ẹ̀yin nìkan kọ́."

Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ṣé ẹ ti rí fìlà lórí mi láti ìgbà yẹn?"

Mo wo orí rẹ̀. Mo ronú gbogbo ìgbà tí a ti pàdé, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, Iléyá. Mi ò rí i rí. Èmi tí mo wà ní géètì pé mò ń wo orí àwọn èèyàn.

Lánàá, mo dá iṣẹ́ olùkọ́ mi padà. Mo kọ ọ́ pé mi ò yan ìjọba kankan, ìbéèrè kan ni mo yàn: nígbà tí ẹ ní kí èèyàn dúró sílé, ta ló ń di àyè rẹ̀ mú? Mo ní èyí tó bá fi omi, tàbí owó oúnjẹ, tàbí òtítọ́ dáhùn ìbéèrè yìí ti ṣe dáadáa níbi tó ti dáhùn rẹ̀, mo sì yìn ín níbẹ̀. Mo kọ nípa ìṣó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ní Apapa pẹ̀lú. Bóyá yóò ní ìyẹn kì í ṣe ìjọba. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ní bí mo bá fìdí rẹmi, òun ṣì máa jẹ ẹ̀bà mi.

Ìwọ lo kù, Àbẹ̀kẹ́. O ti sọ ìtàn mi fún àwọn ọ̀gá rẹ. Bí o bá fẹ́ padà lọ tún un sọ, sọ ọ́ bó ṣe rí, mi ò ní í bínú. Bí o bá fẹ́ dákẹ́, ó wà lọ́wọ́ rẹ. Bóyá inú ń bí ọ sí mi báyìí. Bóyá o ò ní í pè mí fún ọjọ́ díẹ̀. Mo ti ń ka ọjọ́ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo tọrọ. Àyè tí o fi mí sí nígbà tí wọ́n bi ọ́ léèrè àwòkọ́ṣe, má tíì fi ẹlòmíì dí i. Ara mi kò dá tó bí o ṣe rò lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo ń gbádùn díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Bá mi gbé òṣùká mi kọ́, ọmọ mi. Mò ń bọ̀.

Ìyá rẹ